Iṣẹ́ Ọ̀dọ́ tí Ń Tọ́jú Ìwé sínú Kọ̀ǹpútà, àti Ohun tí Ó Kàn Wá Níbẹ̀

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kò dá lórí èlé, kò sì dá lórí bí a ti í san ẹ̀yáwó padà. Iṣẹ́ àti ìgbé-ayé ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni a fẹ́ yẹ̀ wò, ọmọ Ìgèdè-Èkìtì níbi tí odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, ẹni tí kò tíì pẹ́ púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tí ó yàn. Iṣẹ́ náà ni títọ́jú ìwé ilé-ìkàwé sínú kọ̀ǹpútà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni. Ó ní kí a má dárúkọ òun, kí a má sì dárúkọ ibi tí òun ti ń ṣiṣẹ́, a sì ti gbà fún un. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ilé-ìkàwé kò kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí ó mú sùúrù kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ojú wa rí.

Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa kú. Àgbẹ̀ kòkó ni, ó sì ti ń san owó àfipamọ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó mọ ọ̀nà ibi ìpàdé. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ rẹ̀ mú páàsìbúùkù rẹ̀ wá pé kí ẹgbẹ́ ṣírò ohun tí ó jẹ́ tiwọn. Òjò ti pa ìwé náà nígbà kan rí. Ojú-ìwé mẹ́rin ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, ẹni tí ó bá sì fi ipá ṣí wọn, yíya ni yóò fà wọ́n ya. A sọ fún wọn pé kò burú, lẹ́jà ẹgbẹ́ yóò sọ òótọ́. Akọ̀wé ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ikán ti gba ara ògiri wọ ibẹ̀, ó ti jẹ lẹ́jà ọdún mẹ́ta di ìyẹ̀fun.

Èyí tí ó tún burú jù ni pé àwọn méjì nínú ìgbìmọ̀ dì í mú pé olóògbé náà kò san ẹ̀yáwó kan tán, kí a sì yọ ọ́ kúrò nínú owó rẹ̀. Wọn kò purọ́; bí wọ́n ti rántí rẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Àkọ́bí bàbá náà wò wá títí, ó wá bèèrè pé, “Ẹ̀yin bàbá mi, ṣé ikán náà ni ó jẹ owó tí bàbá wa san?” Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn nínú wa.

Akọ̀wé ni ó rántí pé ọmọbìnrin tí a ń wí yìí ti fi fóònù ya àwòrán gbogbo lẹ́jà wa nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, pé òun fẹ́ fi kọ́ ọwọ́. A pè é. Ó ní, “Bàbá Akọ̀wé, ẹ fọkàn balẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.” Inú wa dùn, a rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Àṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Alẹ́ mẹ́rin gbáko ni ó fi wá ojú-ìwé kan ṣoṣo. Àwòrán náà lé ní 600, orúkọ tí fóònù sì fún wọn ni wọ́n ń jẹ́: ọjọ́ tí a yà wọ́n àti nọ́ńbà gbọọrọ. Kò sí èyí tí ó sọ pé lẹ́jà ọdún báyìí ni òun, tàbí pé orúkọ àwọn báyìí ni ó wà nínú òun. Lẹ́jà méjì ti dàpọ̀ mọ́ ara wọn. Ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pa wọ́n dé, bí ẹni tí ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì ní ìdí fìtílà.

Ní alẹ́ kẹrin ó rí i. Bàbá náà ti san ẹ̀yáwó rẹ̀ tán, kọ́bọ̀ kò kù; akápò ìgbà náà sì ti fọwọ́ sí i. A san owó àwọn ọmọ rẹ̀ pé, àwọn méjì tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ sì lọ bẹ̀ wọ́n nílé.

A yin ọmọ náà, ṣùgbọ́n kò gba ìyìn. Ó ní ojú ń ti òun, nítorí ohun tí a kọ́ òun ní Ìbàdàn gan-an ni òun kò ṣe fún ẹgbẹ́ òun. Ó ní, “Àwòrán ìwé yín ni mo yà, n kò tọ́jú rẹ̀.” Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ kí a jọ tú palẹ̀.

Yíya àwòrán kọ́ ni títọ́jú

Ìyá rẹ̀ ń ta iyán. Nígbà tí a lọ kí wọn nílé, Màmá sọ fún wa pé àwọn ti bi í rí pé, “Ọmọ mi, gbogbo ìwé tí o kà yìí, ṣé fọ́tò ìwé ni wọ́n kọ́ ọ láti máa yà?” A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò ó nìyẹn. Ọmọ náà ṣàlàyé fún wa pé yíyà ni ó kéré jù nínú iṣẹ́ òun. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú ìwé ìwádìí rẹ̀ wá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹ̀rọ fi ń yà á. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: ta ni ó kọ ọ́, kí ni àkọlé rẹ̀, ọdún wo, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wo, kí ni ó dá lé lórí, èdè wo, ta ni ó ní àṣẹ láti kà á. Gbogbo èyí ni yóò kọ mọ́ ọn kí ó tó fi í sí ipò rẹ̀. Àkójọ nǹkan 15 kan wà tí àwọn olùtọ́jú ìwé káàkiri ayé fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí. Ìpàdé kan tí wọ́n ṣe ní 1995 ní ìlú Dublin, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ni ó bí i, Dublin Core ni wọ́n sì ń pè é títí di òní. Nítorí rẹ̀ ni ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi lè wá ìwé tí a kọ ní Adó kí ó sì rí i.

Ìṣòro kan wà tí ó jẹ́ tiwa nìkan. Èdè wa ní àmì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ìwé lórí ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko, kò fi àmì sí i. Ẹni tí ń wá ọkọ̀ ni ó ń rí i, àti ẹni tí ń wá ọkọ. Òmíràn lo lẹ́tà tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nìkan. Nígbà tí a ṣí ìwé náà níbòmíràn, gbogbo ẹ, ọ àti ṣ ti di àmì ìbéèrè. Ohun tí ọmọ yìí ń ṣe ni pé ó ń kọ àkọlé Yorùbá lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan pẹ̀lú àmì, ọ̀kan láìsí àmì, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ lè jọ rí i. Kò sí ẹni tí ó rán an ní iṣẹ́ yìí, kò sì sí owó lórí rẹ̀. Ní tiwa, a kà á sí iṣẹ́ ńlá.

Kì í ṣe òní ni irú iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, John Harris ni ó kọ́kọ́ ṣe olórí ilé-ìkàwé ibẹ̀. Láti Yunifásítì Otago ní New Zealand ni ó ti wá. Nínú iṣẹ́ yìí kan náà ni Adétòún Ògúnṣẹ̀yẹ ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn ní 1973, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà ní gbogbo Nàìjíríà. Òfin tí ó dá ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ àwọn olùtọ́jú ilé-ìkàwé sílẹ̀ múlẹ̀, èyí tí a ń pè ní LRCN, jáde ní 1995. Ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kò lè pe ara rẹ̀ ní ọmọ iṣẹ́, owó ọdọọdún sì wà tí wọn yóò máa san.

Àáró ni wọ́n ń ṣe

Ohun tí ó mú wa jókòó pẹ́ ní ilé wọn nìyí. A rò pé àwa nìkan ni a ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ní 1967, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì 54 ní Ohio kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ń jẹ́ OCLC. Ṣáájú ìgbà náà, bí ilé-ìkàwé 50 bá ra ìwé kan náà, olùtọ́jú 50 ni yóò jókòó kọ àlàyé kan náà sórí káàdì. Láti 1971, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà ti kọ ọ́ fún gbogbo àwọn ìyókù. Ẹ ò rí i pé àáró ni? Lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ.

Ti New Zealand tún dùn mọ́ wa jù. Ilé-ìkàwé kan wà níbẹ̀ ní Horowhenua. Ètò tí wọ́n ń lò lórí kọ̀ǹpútà kò ní lè rékọjá sí ọdún 2000, wọ́n sì ní kí a ṣe òmíràn fún àwọn. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2000. Dípò kí wọ́n tì í mọ́lé kí wọ́n máa tà á, wọ́n fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Koha ni wọ́n sọ ọ́. Ní èdè àwọn Maori, ẹ̀bùn ni, irú ẹ̀bùn tí ẹni tí ó gbà á mọ̀ pé òun náà yóò san oore rẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà ni ó ń lo Koha yìí láti mọ ìwé tí ó jáde àti ìwé tí ó wọlé. Ti àwọn ìwé ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́, DSpace ni ọ̀pọ̀ ń lò, èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ MIT àti ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard gbé jáde ní 2002. Ọ̀fẹ́ ni òun náà. Ọ̀fẹ́ kò sọ pé kò ní ìnáwó. Kọ̀ǹpútà tí yóò gbé e ń fẹ́ iná, ó ń fẹ́ dátà, ó sì ń fẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe bí ó bá dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní agogo mẹ́jọ alẹ́.

Bí ó ti ń gbé

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ó ti ń jáde ní Ìgèdè, yóò gba Ìyìn wọ Adó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é ní Àǹtí Láíbìrì. Bí iná ìjọba bá dé ní àárọ̀, yóò fi oúnjẹ sílẹ̀, yóò sáré ti ẹ̀rọ, nítorí kò mọ ìgbà tí yóò lọ. Bí a bá sì tan jẹnẹrétọ̀, wákàtí mélòó kan ni epo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó ń gbé iṣẹ́ wálé, tí ó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà. Ó ní ọ̀rẹ́ ọkùnrin kan bi òun pé ṣé ìwé ni òun yóò fẹ́ ni. A kò bèèrè ìdáhùn tí ó fún un.

Ní 2022, nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì da iṣẹ́ sílẹ̀ láti February 14 títí di October 14, ìjọba àpapọ̀ ní ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ kò ní gba owó. Àwọn olùtọ́jú ilé-ìkàwé wà lára òṣìṣẹ́ tí a kà mọ́ olùkọ́ ní yunifásítì, owó oṣù tirẹ̀ náà sì dúró. Ìyá rẹ̀ ni ó ń bọ́ ọ. Ní May 2023 ni a tún yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, lítà kan fò kọjá náírà 480 lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ti gbówó lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ìgbà náà; owó ọkọ̀ Ìgèdè sí Adó sì gòkè tẹ̀ lé e. Pẹ̀lú gbogbo èyí, bí ó bá fẹ́ ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ máa kọ ìwé ìwádìí tirẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde ni ó sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́.

Lákòókò yìí ni ó tọ ẹgbẹ́ wá fún ẹ̀yáwó tí yóò fi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká. Òfin wa ni pé kí onídùúró méjì fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́: àwọn àgbà lọ́ra. Wọ́n ní, “Bí ó bá jáde lọ sí Kánádà ńkọ́?” Ẹ̀rù náà kò ṣàìní ìdí, méjì nínú àwọn tí wọ́n jọ kàwé ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan nínú wọn sì ń tọ́jú arúgbó níbẹ̀, kò rí ti ìwé ṣe. Bàbá alágbẹ̀ kòkó tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ni ó dìde. Ó ní, “Ọmọ tí ń bá wa tọ́jú ìwé, ta ni yóò dúró fún un bí kò bá ṣe àwa?” Ó sì fọwọ́ sí i. Kọ̀ǹpútà tí a fi owó náà rà ni ojú-ìwé bàbá náà wà nínú rẹ̀. Ọmọ náà ti san ẹ̀yáwó tán kí bàbá tó kú. Nígbà tí a bi í bóyá òun náà yóò rìn ìrìn-àjò, ó ní òun kò tíì mọ̀. A kò ní fi ìyẹn bá a wí.

Ohun tí ó lè ba ìwé jẹ́

Ẹni tí ó bá ti rò pé bí ìwé bá ti wọ kọ̀ǹpútà, ó ti bọ́ lọ́wọ́ ikán, kí ó gbọ́ ti British Library ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan nínú àwọn ilé-ìkàwé tí ó tóbi jù láyé. Ní October 28, 2023, àwọn olè gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé sí wọn, wọ́n ti kọ̀ǹpútà wọn pa, wọ́n ní kí wọ́n wá san owó. Wọn kò san án. Ìwé wà lórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní atọ́ka tí yóò fi wá a títí di January 2024. Ẹ rántí alẹ́ mẹ́rin wa. Ní Cape Town, ní April 18, 2021, iná orí òkè jó ilé-ìkàwé Jagger ti yunifásítì ibẹ̀, níbi tí ìwé nípa ilẹ̀ Áfíríkà kún sí. Nínú àwọn tí ó jóná, èyí tí a ti yà sínú kọ̀ǹpútà nìkan ni a ṣì ń kà.

Nítorí náà, àwọn olùtọ́jú ìwé kì í gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀dà kan. Ọmọ yìí ti tún iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwòrán kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀ báyìí: irú ìwé tí ó jẹ́, ọdún, nọ́ńbà ojú-ìwé. Ẹni tí ó bá rí LEJA-1986-042 mọ ohun tí ó ń wò kí ó tó ṣí i. Ó tún kọ ìwé atọ́ka kan pẹ̀lú bírò, tí orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan àti ojú-ìwé rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà náà lè wá nǹkan. Ẹ̀dà kan wà nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan wà nínú ẹ̀rọ ìpamọ́ ní ilé akápò, ọ̀kan wà ní Adó, kí ó lè jẹ́ pé bí nǹkan bá ṣe Ìgèdè, kò ní ṣe gbogbo rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé fláàṣì kékeré tí a ń fi sápò. Ó ń sọnù, ó sì ń kú láìsọ fúnni. Lọ́dọọdún, kí ọ́dítọ̀ tó dé, akọ̀wé yóò ṣí ojú-ìwé mélòó kan nínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń ṣí.

Kí a má sì torí àwòrán sọ lẹ́jà nù. Ìwé tí ènìyàn fọwọ́ sí ni yóò dúró bí ẹjọ́ bá dé. A ti gbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, a fi búlọ́ọ̀kù gbé e sókè, a fi káfọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí àwọn ọ̀dọ́ wa nílò láti gbọ́: owó tí ọmọ ẹgbẹ́ ní àti gbèsè tí ó jẹ kì í ṣe ohun tí a ń fi sórí WhatsApp. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni wà ní Nàìjíríà láti 2023. Èyí tí a lè fi han gbogbo ayé, bí ìtàn ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ àti àwòrán àwọn àgbà ìgbà ìwáṣẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Lẹ́jà, ọ̀tọ̀ ni.

Ó ku ohun kan tí a fi bá ara wa wí. Fún iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ náà ṣe, “ẹ ṣeun” ni a fún un, àti iṣu mẹ́ta. Àwọn ènìyàn 28 tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Rochdale sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1844, àwọn tí gbogbo ẹgbẹ́ bí tiwa ń wo àwòkọ́ṣe wọn, kò pẹ́ tí wọ́n fi ní yàrá ìkàwé tiwọn. Nígbà tí ó yá, wọ́n ń yọ ìdá méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún èrè wọn sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́. Àwa náà ní owó ẹ̀kọ́ nínú ìwé òfin wa, àsè ìpàdé ọdọọdún ni ó sì ń jẹ ẹ́. Láti inú rẹ̀ ni a ti ra ẹ̀rọ ìpamọ́ méjì, tí a sì san owó iṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì fún ọmọ náà. Iye náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ sí i nínú ìwé ìsanwó bí òṣìṣẹ́ yòówù.

Ní ìpàdé yín tí ń bọ̀, ẹ bi ara yín léèrè: bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá kú lónìí, ọjọ́ mélòó ni a óò fi rí ojú-ìwé rẹ̀? Ta ni ó ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ìgbà wo ni ó sì ṣí i gbẹ̀yìn? Kí akọ̀wé gbé lẹ́jà tí ó pẹ́ jù lọ wá síbẹ̀, kí gbogbo yín fi ojú ara yín rí i. Bí ọ̀dọ́ kan bá wà láàárín yín tí ó mọ iṣẹ́ yìí, ẹ bi í ní iye tí yóò gbà, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé kí ó tó bẹ̀rẹ̀.